Àwọ̀n Tí Ìka Mẹ́rin Kò Lè Wọ̀

Ẹ̀yin ará Sango Ọ̀tà tí ẹ rí mi lọ́jọ́ tí mo dé, tí ẹ ń bi mí pé kí ni mo jẹ ní etí òkun tí mo fi dúdú bí ìdí ìkòkò báyìí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá yín lóhùn. Mo sọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà ní ìsọ̀ búrẹ́dì, mo sọ ìdajì kejì lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, nígbà tó sì fi máa padà dé etí èmi fúnra mi, wọ́n ti ní mo bá ẹja àbùùbùtán jìjàkadì. Irọ́ ni. Ẹja tí mo bá pàdé kò tó ọmọ ìka, òun ló sì dá mi mọ́lẹ̀.

Ẹnìkejì mi

Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti Bọ̀dá Akínṣọlá fi dúró ní ìdí ẹ̀rọ kan náà ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun àwọ̀n ẹja, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìjókò. Ẹ̀rọ náà kì í gbọ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹnì kan á dúró lápá ọ̀tún, á máa fún un ní òwú nílọ́ọ̀nù. Ẹnìkejì á dúró lápá òsì, á máa fi ọwọ́ tọ́ àwọ̀n bó ṣe ń jáde. Ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ ká gbọ́ ohùn ara wa, nítorí náà ojú la fi ń sọ̀rọ̀. Bí Bọ̀dá Akin bá gbé ìpéǹpéjú sókè, mo mọ̀ pé òwú ti fẹ́ tán. Bí mo bá fi àgbọ̀n mi tọ́ka sílẹ̀, ó mọ̀ pé kóun dá ẹ̀rọ dúró. Láàárín wa, kò sẹ́ni tó ṣẹ ẹnìkejì rí nípa àmì yìí.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, ilé ahunṣọ ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ìlàjẹ ni òun, etí òkun ni wọ́n bí i sí. Sango tí kò ní òfì, tí kò sì ní òkun, ló pa wá pọ̀. Bí wọ́n bá dá wa sílẹ̀ ká lọ jẹun, á ra búrẹ́dì gbígbóná lẹ́nu géètì, á máa sọ̀rọ̀ àgọ́ apẹja tí ìyá rẹ̀ ń gbé fún mi, bí iyanrìn ibẹ̀ ṣe funfun, bí kò ṣe sí ìdọ̀tí níbẹ̀. Á ní, "Lọ́jọ́ kan, Làmídì, màá mú ọ délé." Mo máa ń ṣe àmín.

Àwọ̀n tí à ń hun, ojú rẹ̀ wẹ́ púpọ̀. Fọ́máànù wa ní ẹ̀wà kan nínú àpò rẹ̀ tó fi ń dán iṣẹ́ wò. Á gbé ẹ̀wà náà lé orí àwọ̀n, á mì í. Bí ẹ̀wà bá jò, ìyà ti jẹ wá lọ́jọ́ náà. Ẹ̀wà kò jò lọ́dọ̀ wa rí, ìyẹn sì ni ìgbéraga mi láyé.

Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé, tí wọ́n ní kí gbogbo wa di ìgbànú mọ́ra, òwú nílọ́ọ̀nù tó ń ti òkè òkun wá kò wá mọ́. Ẹ̀rọ kan dákẹ́, òmíràn dákẹ́, tiwa ló dákẹ́ gbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa ti géètì, wọ́n ní kí oníkálukú mú àwọ̀n kan lọ sílé. Mo mú èyí tí èmi àti Bọ̀dá Akin hun kẹ́yìn, tí a fi òwú aláwọ̀ ojú ọ̀run ṣẹ́ etí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ẹ̀rọ wa. Bọ̀dá Akin kó ẹrù rẹ̀ lọ sí etí òkun láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Èmi dúró. Fún ọdún méjì gbáko, oorun kò kùn mí dáadáa, nítorí àdúgbò ti dákẹ́ jù.

Àfi bí fọ́máànù ṣe yà ní ilé mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní òwú ti dé, ẹ̀rọ wa ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ tan, ṣùgbọ́n òun ò ní agbára àtikọ́ ẹlòmíràn níṣẹ́. Kí n lọ mú ẹnìkejì mi wá kí oṣù tó parí. Bí òun ò bá rí àwa méjèèjì, òun á pe àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kejì. Sìkírátù ìyàwó mi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò jẹ́ kí ọkùnrin náà jìnnà tó fi gbé àpò ìrìn-àjò mi jáde.

"Lọ mú un wá," ló wí. "Bó o bá tún bá mi jókòó sílé yìí fún oṣù kan sí i, a ó jọ ya wèrè."

Mo ká àwọ̀n náà sínú àpò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn fún Bọ̀dá Akin, mo sì gbéra.

Ibi tí ilẹ̀ ti tán

Mi ò ní fi ọ̀nà dá yín lágara. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ilẹ̀ tán níbì kan tí omi bẹ̀rẹ̀, àti pé láti ibẹ̀ lọ, ẹni tó bá wọ bàtà ni wọ́n ń wò bí ẹni tó dé fìlà sùn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Mojí ló tu ọkọ̀ wa. Mo di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà mú ní ọ̀tún, mo dì í mú ní òsì. Mojí wò mí títí, ó ní, "Ará òkè, fi ọkọ̀ sílẹ̀. Kò ní sá lọ." Láti ìgbà náà ni orúkọ mi ti di Ará Òkè.

Mo gbọ́ òkun kí n tó rí i. Mo rò pé ẹ̀rọ ni. Ẹ ò lè mọ bí ọkàn mi ṣe fò sókè, tí mo ń wá òrùlé iléeṣẹ́ láàárín àwọn igi. Ohùn kan náà ni, èyí tí kì í sinmi. A wá yọ sí gbangba, mo rí i, mo ka kálímà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń hun àwọ̀n fún un bí aránṣọ tó ń ránṣọ fún ẹni tí kò fojú kàn rí. Omi bọ́ lójú mi. Mojí bi mí pé ṣé kò sí nǹkan, mo ní ìgbì ló ta sí mi lójú.

Àgọ́ náà wà lórí iyanrìn tóóró kan tó la ọ̀sà òun òkun láàárín. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, wọ́n ní iye èèyàn tó mọ̀ ọ́n ti tó. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé ibẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé kò sí nǹkan kan nílẹ̀. Kò sí bébà, kò sí agolo, kò sí egungun ẹja. Mo jẹ búrẹ́dì tó kù lọ́wọ́ mi, mo ju ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀ bí a ti ń ṣe ní Sango. Ìyá àgbà kan bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á, ó nà án sí mi pẹ̀lú ọ̀yàyà.

"Ọmọ mi, ẹrù rẹ bọ́ sílẹ̀."

Mo dúpẹ́. Mo bó ọsàn, mo ju èèpo rẹ̀ sílẹ̀. Ó tún ṣà á, ó tún nà án sí mi. "Ẹrù rẹ tún bọ́ sílẹ̀." Nígbà náà ni mo tó jí. Èèpo ọsàn wà lápò mi títí di ìrọ̀lẹ́.

Ìyá Bọ̀dá Akin nìyá náà. Iye ni gbogbo àgọ́ ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá nílẹ̀ ibẹ̀. Mo fẹ́ sọ orúkọ mi fún un, ó ti sọ ọ́ kí n tó lanu: "Ìwọ ni Làmídì tó ń fi ojú sọ̀rọ̀." Ó ní ọmọ òun wà lójú agbami pẹ̀lú àwọn mẹ́rin, bí afẹ́fẹ́ bá ti yí, wọn á dé.

Oúnjẹ mẹ́ta kí wọ́n tó bi ọ́

Àwọn ará ibẹ̀ kì í bi àlejò ní ohun tó bá wá títí yóò fi jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo mọ ohun tí mo bá wá, ó ń jó mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò bi mí. Wọ́n gbé pupuru wá. Ẹ̀gẹ́ ni, wọ́n ti mọ ọ́n roboto, wọ́n ti fi èéfín yan án, kí wọ́n tó tún gún un lúbúlúbú kí wọ́n sì rò ó lórí iná. Ọbẹ̀ tí wọ́n fi jẹ ẹ́ dúdú, ó sì ní òórùn ewé tí mi ò gbọ́ rí. Òkèlè àkọ́kọ́, mo rántí Sìkírátù, mo fẹ́ sunkún. Òkèlè kẹwàá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìkòkò.

Iye fi igi mẹ́rin àti imọ̀ kọ́ ibùsùn fún mi, ó sì fi ìgbálẹ̀ tì í. Igi àtijọ́ ni wọ́n lò. Wọn kì í gé igi ẹ̀gbà, igi tó ń fi gbòǹgbò rìn nínú omi ọ̀sà. Apá kan wà létí òkun tí wọn kì í dáná sí, nítorí ibẹ̀ ni ìjàpá òkun ń yé ẹyin sí. Bí àkókò ẹja bá sì parí, oníkálukú á hú ilé tirẹ̀, á dí ihò òpó, á gbálẹ̀ títí a ò fi ní mọ̀ pé èèyàn sùn níbẹ̀ rí. Àlejò tó bá fẹ́ padà wá nìkan ló ń fi igi kan sílẹ̀ ní ìdúró. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ hú igi yẹn.

Láràárọ̀ ni Iye ń gbé igbá omi dídùn wá fún mi láti ṣe àlùwàlá. Mo ń ṣàn án dànù bí ẹni tó ní ẹ̀rọ omi lẹ́yìnkùlé. Ọjọ́ kẹta ni Mojí sọ fún mi pé ìrìn-àjò ìdajì ọjọ́ lórí ọkọ̀ ni wọ́n ń rìn kí wọ́n tó pọn ọ́n. Nígbà tí mo délé, ààfáà wa sọ fún mi pé omi òkun mọ́ fún àlùwàlá. Ìtìjú náà ò tíì kúrò lára mi.

Nígbà tí mo jẹun ẹ̀ẹ̀kẹta, Iye bi mí pé kí ló gbé mi wá. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ fò lọ. Mo ní mo wá kí ọ̀rẹ́ mi ni. Mi ò lè wo ojú ìyá kan kí n sọ pé ọmọ rẹ̀ ni mo wá mú lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń le fún mi níbẹ̀. Oòrùn á wọnú omi, àwọn èèyàn á máa sọ èdè wọn wéréwéré, mo ń gbọ́ ọ̀kan, mo ń fo ọ̀kan. Ọkàn mi á fà sí Ọ̀tà, sí òórùn nílọ́ọ̀nù gbígbóná, sí Sìkírátù tó ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ. Àjò kò dùn kónílé má relé, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tí mo fẹ́ lọ ti pé ọdún méjì tó ti tì.

Ilé ìkókó

Àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Èmi, pupuru ni wọ́n fi ń lọ̀ mí títí ojú fi ń tì mí. Ọkùnrin tó jẹun ọjọ́ mẹ́fà láì gbé nǹkan kan, ṣé ọkùnrin náà ṣì ni? Ní àárọ̀ ọjọ́ keje, nígbà tí gbogbo wọn lọ sí apá òkun, mo yọ àwọ̀n mi nínú àpò, mo lọ sí apá ọ̀sà, níbi tí omi ti dákẹ́ rọ́rọ́ láàárín gbòǹgbò igi ẹ̀gbà. Ó ti ń yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó ń dẹ àwọ̀n síbẹ̀. Mo ní àwọn ará ibí yìí kò gbọ́n tó. Àìmọ̀kan ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Mo ta àwọ̀n náà, mo fà á. Ó wúwo. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ń tàn yẹ̀rì bí abẹ́rẹ́ tí èèyàn dà sílẹ̀ nínú oòrùn. Ọ̀kan kò jò. Mo rántí ẹ̀wà fọ́máànù, orí mi wú. Mo da agbọ̀n méjì kún, mo gbé wọn tọ Iye lọ.

Kò pariwo. Ó wo inú agbọ̀n, ó na ọwọ́ sí àwọ̀n tó wà léjìká mi. Ó pa ìka mẹ́rin pọ̀, ó fi lé ojú kan nínú rẹ̀. Kò wọ̀. Ó gbìyànjú ọmọdìnrín ìka rẹ̀ nìkan. Kò wọ̀.

"Làmídì," ó ní, "ilé ìkókó lo wọ̀."

Mojí àti àwọn tó wà nítòsí ti gbá agbọ̀n mú, wọ́n ń sáré lọ sí ọ̀sà. Èmi náà sáré tẹ̀ lé wọn. Àwọn kan nínú ọmọ ẹja náà wẹ̀ lọ. Èyí tó pọ̀ jù léfòó, ikùn wọn funfun kọjú sókè. A dúró sínú omi, a ń wò wọ́n.

Iye wá sọ fún mi nígbà náà, láì gbóhùn sókè, pé ìka mẹ́rin ni òfin àwọ̀n lọ́dọ̀ àwọn. Ẹja tó bá lè gba ibi ìka mẹ́rin kọjá, ọmọ ni, kó máa lọ. Àgọ́ kan wà nísàlẹ̀ tí àwọn oníṣòwò gbé irú àwọ̀n mi yìí dé. Àkókò ẹja kan péré ni wọ́n fi kó ẹja bí ẹni kó yanrìn. Èyí tó tẹ̀ lé e, omi gbófo. Àwọn ará ibẹ̀ ti túká, wọ́n ń ṣe alágbàṣe lóko olóko.

"Níbo lo ti rí i?" ó bi mí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹnu mi, ẹ mọ̀ pé kì í wọ́n. Lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló jáde, irọ́ sì ni. Mo ní, "Mo rà á."

Ohun tí mo pa

Ìdájọ́ wọn kò pọ̀. Ẹnikẹ́ni nínú àgọ́ kò ní dẹ àwọ̀n fún ọjọ́ méje, kí omi lè sinmi. Wọ́n fi àwọ̀n mi kọ́ sórí òpó kan níwájú ilé Iye. Kò gbọdọ̀ wọ omi, kò gbọdọ̀ wọ iná. Èmi sì ni mo máa jẹ gbogbo òkú ẹja tí mo pa, nítorí wọn kì í pa ẹja dànù níbẹ̀.

Mo yan wọ́n, mo sá wọn sórí ẹní. Mo jẹ wọ́n láàárọ̀, mo jẹ wọ́n lọ́sàn-án, mo jẹ wọ́n nírọ̀lẹ́. Kíkorò ni wọ́n korò, egungun lásán ni wọ́n. Ní ọjọ́ kejì, mo jókòó ti abọ́ mi, ọ̀fun mi kò gbà mọ́. Mojí rìn wá pẹ̀lú abọ́ tirẹ̀. Ó jókòó kò mí lójú, ó ní, "Bísímílà, Ará Òkè," ó sì ti ọwọ́ bọ inú ẹja mi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkùnrin kan dé, lẹ́yìn náà ni tọkọtaya kan dé. Àwọn tí mo sọ di aláìníṣẹ́ fún ọjọ́ méje ni wọ́n jókòó yí mi ká, tí wọ́n ń bá mi jẹ ẹ̀ṣẹ̀ mi tán. Kò sẹ́ni tó bú mi nínú wọn. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo mọ ohun tí kí iléeṣẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn túmọ̀ sí. Èmi tí wọ́n tì í mọ́, mo wá ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo àgọ́ kan.

Àmì àgbọ̀n

Ní ọjọ́ kẹrin ni ọkọ̀ Bọ̀dá Akin gúnlẹ̀. Ó ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun díẹ̀. Ó rí mi láàárín èrò, ó gbé ìpéǹpéjú sókè: òwú ti fẹ́ tán. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àárò rẹ̀ sọ mí tó bẹ́ẹ̀.

Ó dì mọ́ mi. Ojú rẹ̀ wá gba èjìká mi kọjá lọ sí orí òpó, mo rí i bó ṣe dúró gbagidi. Ó rìn lọ síbẹ̀, ó yí etí àwọ̀n náà padà, ó rí òwú aláwọ̀ ojú ọ̀run.

Iye sọ fún un pé àlejò rẹ̀ ló ṣèèṣì mú un wá, pé ọjà ló ti rà á. Bọ̀dá Akin wò mí. Mo fi àgbọ̀n tọ́ka sílẹ̀, àmì wa: dá ẹ̀rọ dúró. Ọdún mẹ́sàn-án, kò kọ̀ ọ́ rí. Ọjọ́ náà ló kọ̀ ọ́.

"Iye, kò rà á," ó ní. "Èmi àti òun la hun ún. Iṣẹ́ tí mo lọ ṣe ní Ọ̀tà nìyẹn."

Aṣọ ló ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé àwọn ń hun. Ìyá náà ti ń fi yangàn káàkiri pé aṣọ tí ọmọ òun hun wà lára àwọn èèyàn lókè. Iye bi í pé àwọ̀n tó tú àgọ́ ìsàlẹ̀ ká ńkọ́. Ó ní òun ò mọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tàwọn. Iye wọlé lọ, kò sì jáde mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ní àárọ̀ kejì, ó gbé ọ̀bẹ wá bá wa. Ó ní àwa méjèèjì la hun ún, àwa méjèèjì la ó tú u. Kókó tí ẹ̀rọ bá ta kò ṣeé tú. Nílọ́ọ̀nù kì í sì í jẹrà, ohun tí a fi ń polówó rẹ̀ ní Ọ̀tà nìyẹn. Ibi yòówù ká sọ ọ́ sí, yóò máa pa ẹja nìṣó lẹ́yìn tí gbogbo wa bá ti kú. Mo rántí bí bàbá mi ṣe ń lọ́ òwú ní Ìsẹ́yìn. Mo ní ká gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ká lọ́ ọ di okùn ọkọ̀. Iye gbà.

A jókòó kojú ara wa, èmi lápá òsì, òun lápá ọ̀tún. Òun ń fún mi, èmi ń lọ́ ọ. A kì í sọ̀rọ̀, ojú la fi ń sọ ọ́. Láti ọjọ́ tí géètì ti tì, mi ò láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ kejì tí à ń lọ́ okùn ni mo tó sọ ohun tí mo bá wá: fọ́máànù, ẹ̀rọ, òpin oṣù, pé bí kò bá bá mi lọ, èmi náà ò níṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ń gbọ́. Bọ̀dá Akin gé tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i, ó nà án sí mi.

"Mo máa ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ yẹn lójú oorun," ó ní. "Òórùn búrẹ́dì ẹnu géètì, mo máa ń gbọ́ ọ. Bí mo bá ní Ọ̀tà ò wù mí, irọ́ ni, Làmídì."

Mo wo Iye. Ó ń tẹ́ imọ̀, kò gbójú sókè. Ó ní, "Mi ò dè é. Okùn ọkọ̀ lẹ̀ ń lọ́ yẹn, kì í ṣe okùn èèyàn."

Ìgbálẹ̀

Ọjọ́ méje pé. Mojí ló kọ́kọ́ sọ àwọ̀n sómi, àwọ̀n ìka mẹ́rin. Ọjọ́ kejì ni mo ní láti máa lọ kí oṣù má bàa tán mọ́ mi lójú ọ̀nà. Bọ̀dá Akin kò tíì ní bẹ́ẹ̀ ni, kò tíì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo mọ̀ pé bó bá fẹ́ bá mi lọ, yóò hú òpó ilé rẹ̀, yóò sì gbá iyanrìn rẹ̀. Mo jí ní ìdájí, mo jókòó, mo ń ṣọ́ ọ.

Ó jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó dúró sí àárín ibùsùn rẹ̀ àti tèmi. Ó wo tirẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá rìn wá, ó na ìgbálẹ̀ náà sí mi.

Mo gbà á. Mo hú òpó kan, mo dí ihò rẹ̀. Mo hú èkejì àti ẹ̀kẹta. Mo gbá iyanrìn náà títí ó fi mọ́ roro. Ó ku igi kan. Mo dì í mú, mo fẹ́ fà á tu, nítorí èmi kọ́ ni mo máa tún wá jìyà báyìí. Mo fi í sílẹ̀. Mo ṣe bí ẹni gbàgbé.

Iye rí i, ó wọlé lọ. Nígbà tí mo ti wọ ọkọ̀ Mojí tán, ó sáré wá, ó na nǹkan sí mi: okùn gígùn kan nínú èyí tí a lọ́, tí wọ́n ká dáadáa.

"Ẹrù rẹ bọ́ sílẹ̀," ó ní.

Bọ̀dá Akin tú okùn ọkọ̀ wa. Mi ò di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ mi ń ṣe ó dàbọ̀ títí mi ò fi rí iyanrìn mọ́.

Ẹ̀wà

Oṣù ku ọjọ́ méjì nígbà tí mo dé géètì. Mo sọ fún fọ́máànù pé ẹnìkejì mi kò wá. Ó kẹ́dùn, ó rìn lọ rìn bọ̀, ó wá ní nítorí pé mo gbìyànjú, òun á wá ẹlòmíràn fún mi. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Ó fa àwọ̀n tuntun kan yọ, ó gbé ẹ̀wà rẹ̀ lé e, ó mì í. Ẹ̀wà dúró. Ó rẹ́rìn-ín, ó nà án sí mi.

Kí n tó mọ̀, mo ti pa ìka mẹ́rin pọ̀. Kò wọ̀. Mo bi í pé ṣé wọn ò lè fẹ ojú rẹ̀ díẹ̀. Ó ní bí àwọn oníbàárà ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, ó sì bi mí pé ṣé ara mi yá. Mo dá àwọ̀n náà padà fún un, mo kí i, mo jáde.

Sìkírátù kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó máa lanu, ó ní ẹ̀rí ọkàn ò ṣeé fi jẹ ẹ̀kọ. Ó jàre. Ọjọ́ kẹta ló rí okùn tí mo mú bọ̀, ó fà á, ó tún fà á, ó bi mí pé ta ló lọ́ ọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí ẹ ń rí mi ṣe ní ibùdókọ̀ akẹ́rù yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àkísà àwọ̀n tí iléeṣẹ́ ń sọ sẹ́yìn ògiri ni mò ń ṣà, tí mò ń lọ́ di okùn tí àwọn awakọ̀ fi ń di ẹrù. Apá òsì ni mo ṣì máa ń jókòó sí. Apá ọ̀tún ṣófo.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Mojí gbé ẹja yíyan dé ọjà Sango, ó sì wá mi rí. Mo bi í ní gbogbo ará àgọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní àkókò ẹja ti parí, gbogbo wọn ti hú ilé wọn, wọ́n ti gbá iyanrìn, kò sí àmì èèyàn níbẹ̀ mọ́. Igi kan ṣoṣo ló kù ní ìdúró. Ó ní ìgbì wó o lẹ́ẹ̀mejì, Akínṣọlá ló ń lọ gbé e nàró. Wọ́n rán an létí pé igi ẹni tó bá fẹ́ padà wá, ẹlòmíràn kì í fọwọ́ kàn án. Akínṣọlá ní òun ò hú u, òun kàn ń bá Làmídì dì í mú títí yóò fi dé ni.